Ẹsẹ̀ Ajá Lókè Àjà

Ajá ni Lubabah kọ́kọ́ rí kó tó rí ọkùnrin tó wà ní ìdí okùn. Ajá ń já bọ̀ látorí àtẹ̀gùn, ahọ́n rẹ̀ wà níta, ọkùnrin náà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ń fi ìdí na àtẹ̀gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ajá ṣe ń wọ́ ọ. Lubabah ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán ní ìdí tápù nísàlẹ̀ ni. Omi ṣì ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó sì ń yára gòkè kí àkókò ìrun ìrọ̀lẹ́ má baà kọjá. Kó tó fara mọ́ ògiri, ajá ti fò mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e láyà, ó lá a láti àgbọ̀n dé etí.

Lubabah kò pariwo. Ó dúró, ó wo ọkùnrin tó nà gbalaja lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ọkùnrin náà ní. "Kì í bunijẹ."

"Ta ló ní ó bunijẹ? Àlùwàlá mi lẹ bà jẹ́. Wọ́n sì ti pa ẹ̀rọ omi."

Òótọ́ ni. Ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni onílé ń tan jẹnẹrétọ̀ láti fa omi. Bí wọ́n bá ti pa á, ẹni tí kò pọn, ó di ọ̀la. Ọkùnrin náà so ajá mọ́ irin àtẹ̀gùn, ó sáré lọ sílé rẹ̀ lókè pátápátá, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan ṣoṣo tó kù ú kù wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń da omi sí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Lubabah ń fọ ojú, ó ń fọ̀ ọ́, ó tún ń fọ̀ ọ́.

"Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ń fọ itọ́ ajá, àbí?" ọkùnrin náà bi í.

Lubabah gbójú sókè. "Ẹ mọ̀, ẹ wá ń sin ajá?"

"Mi ò sìn ín. Wọ́n gbé e fún mi tọ́ ni."

"Ọmọ ni wọ́n ń gbé fúnni tọ́, Bọ̀dá. Kì í ṣe ajá."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Lubabah, ó gbé e mì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn ìfẹ́ tí òdòdó kún inú rẹ̀, ẹ má retí òdòdó níbí o. Ìdí kẹ́ẹ̀gì ni ìfẹ́ tí mò ń sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ikú sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè gbọ́ ọ, kó tètè dìde.

Taoheed lorúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Èkó, fíríìjì ló ń tún ṣe ní Yábàá. Ìyá rẹ̀ kú nínú ọdún yẹn, ilé sì dákẹ́ lé e lórí. Ó lọ bá Àǹtí Salome tún ẹ̀rọ amómidì ṣe. Àǹtí Salome yìí, obìnrin kan ni tó ń ṣa ajá ìgboro jọ sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Yábàá, èyí tí mọ́tò gbá àti èyí tí ẹni tó ni ín lé síta. Ó wo ojú Taoheed, ó bi í pé ta ni wọ́n jọ ń gbé. Taoheed ní òun nìkan ni. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi fi okùn ajá kan sí i lọ́wọ́. Inú gọ́tà ní Mushin ló ti fa ajá náà yọ, pẹ̀lú wáyà lọ́rùn. Ẹnì kan ní Ìbàdàn ti ní òun á mú un, ṣùgbọ́n ilé onítọ̀hún kò tíì ṣe tán. Kí Taoheed ṣáà bá òun gbà á tọ́ títí dìgbà náà.

Kòjókòó ni Àǹtí Salome sọ ọ́, orúkọ sì ro ajá náà. Ajá tó yẹ kó máa lé ẹran nínú igbó ni wọ́n mú wá sínú yàrá àti pálọ̀ kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Sùúrùlérè, lẹ́bàá Láwánsọ̀n. Ó ń sáré láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé. Ó jẹ bàtà, ó jẹ ọṣẹ, ó jẹ ìrọ̀rí, ó fa kọ́tìnnì já, ó wọ́ ọ mọ́ ọrùn lọ sí bákónì, ó ń gbó àwọn tó ń ra búrẹ́dì nísàlẹ̀. Taoheed á mú un jáde ní kùtùkùtù, wọ́n á sáré yí pápá ìṣeré ńlá nì ká títí èémí Taoheed á fẹ́rẹ̀ẹ́ pin. Bí wọ́n bá délé, ajá á tún bẹ̀rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, bí ajá bá ti fara kan Lubabah, Taoheed á gbé kẹ́ẹ̀gì omi wá sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ó ní ìtánràn ni. Ilé wọn ló wà nísàlẹ̀ tirẹ̀ gan-an. Nígbà tó yá, ajá kò tiẹ̀ ní í fara kàn án, kẹ́ẹ̀gì á ti dé. Nígbà tó tún yá, Lubabah tó ń sá fún ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ àtẹ̀gùn ní gbogbo àsìkò tí ajá bá ń ti òde bọ̀, àtẹ̀gùn tí ẹlòmíràn ti gbá. Ta ló ń tàn? Bí ẹ bá bi í nígbà náà, á ní eruku ló wà níbẹ̀.

"Alájá, ajá yín kò lá mi lónìí o."

"Omi ti wà nílẹ̀ ṣá. Ṣé kí n gbé e padà?"

"Ẹ gbé e kalẹ̀. Ọ̀la ń bọ̀."

Kò pẹ́ tí "ẹ" fi kúrò láàárín wọn, tí "Alájá" sì di "Alájá mi".

Ṣùgbọ́n inú ilé tí omi yẹn ń wọ̀, àìsàn ló wà níbẹ̀. Ìdíátù, ìyá Lubabah, ti dùbúlẹ̀ sí pálọ̀ láti ìgbà ọyẹ́. Ọkàn ló ń dà á láàmú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ kúrú, àwọn dókítà sì ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Lubabah fi iṣẹ́ olùkọ́ tó ń ṣe sílẹ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń yí i padà lórí ibùsùn. Ohun kan ṣoṣo ni Ìdíátù ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, pé kí wọ́n so yìgì Lubabah lójú òun. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Ọkùnrin kan ti wá rí, ó gbọ́ pé ìyá ìyàwó ń ṣàìsàn, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Alfa Yẹ̀kínnì ni bàbá Lubabah. Fìlà ló ń rán ní Pápá Àjàó, òun ló sì ń ṣíwájú ìrun ní mọ́sáláṣí kékeré ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń jáde láàárọ̀, á dé nírọ̀lẹ́, á jókòó ti ìyàwó rẹ̀, á ka Yáásínì sínú omi, á fi pa á lẹ́sẹ̀. Ó le lójú, kò le lọ́kàn. Ẹni tó bá rí bó ṣe ń fi ìka pa ẹsẹ̀ tó wú yẹn kò ní bú u, ohun yòówù kí n sọ nípa rẹ̀ níwájú.

Àwọn aládùúgbò ń kùn nítorí ariwo ẹsẹ̀ ajá lókè àjà. Ìdíátù nìkan ni kì í kùn. Ẹsẹ̀ náà ló fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Á dùbúlẹ̀, á máa fi ojú bá a lọ, láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní ohun tó ń sáré báyẹn kò mọ̀ pé a máa ń kú. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí Lubabah lọ mú un wá, òun fẹ́ rí i.

"Màmá, ajá kẹ̀? Nínú ilé Alfa?"

"Alfa ń bẹ ní Pápá Àjàó."

"Ṣebí wọ́n ní màlékà kì í wọ ilé tí ajá wà."

Ìdíátù mí, ó sinmi, ó tún mí. "Ohun tí mo ń wí gan-an nìyẹn. Màlékà kan wà tí mi ò tíì fẹ́ kó wọlé."

Lubabah rẹ́rìn-ín títí, ó wá lọ sí kíṣìnì, ó sunkún níbẹ̀.

Taoheed mú ajá wá, ó fún okùn mọ́ ọwọ́ gírígírí, kó má baà fò mọ́ aláìsàn. Ajá kò fò. Ó gbóòórùn ẹsẹ̀ tó wú yẹn, ó gbé àgbọ̀n lé etí ibùsùn, ó sì jókòó. Ajá tí kò jókòó rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà. Ìdíátù gbé ọwọ́ lé e lórí, ọwọ́ náà wà níbẹ̀ títí ó fi sùn lọ.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Alfa á jáde, Taoheed á mú Kòjókòó wá kó tó lọ sí Yábàá, ajá á jókòó ti Ìdíátù. Ní ọ̀sán, Lubabah á mú un padà sókè, á fi omi kẹ́ẹ̀gì fọ gbogbo ilẹ̀ pálọ̀, á pààrọ̀ aṣọ ìyá rẹ̀, á ṣí fèrèsé. Alfa á dé, á ní ilé mọ́ o, ọmọ mi káre. Ojú á ti Lubabah.

Lọ́jọ́ kan, Ìdíátù mú Taoheed lọ́wọ́ bó ṣe fẹ́ jáde. Ó bi í bóyá ó fẹ́ràn ọmọ òun. Taoheed ní òun fẹ́ràn rẹ̀.

"Kí lo wá ń dúró dè?" Ìdíátù ní. "Èmi ò lè dúró."

Taoheed bá Lubabah lórí àtẹ̀gùn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní Màmá ní kí òun yára, ṣùgbọ́n ẹnu Lubabah ni òun fẹ́ gbọ́.

"Ṣé nítorí Màmá ni?"

"Nítorí omi ni. Gbígbé e sọ̀ kalẹ̀ ti sú mi. Mo fẹ́ kó o wá máa gbé lókè."

Lubabah wo ilẹ̀, ó wo ajá, ó wá wo ojú rẹ̀. "Lọ bá Bàbá mi," ó ní.

Taoheed wá fìlà dé, ó mú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ dání, wọ́n lọ sí Pápá Àjàó. Alfa gbà wọ́n dáadáa. Ó bèèrè ilé, ó bèèrè iṣẹ́, ó bèèrè ìrun, gbogbo ìdáhùn ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fi abẹ́rẹ́ gún fìlà tó ń rán, ó gbé e sílẹ̀.

"Ìwọ lo ni ajá tó wà lókè wa."

Taoheed ní wọ́n gbé e fún òun tọ́ ni.

"Gbọ́ mi, ọmọ mi. Ìyàwó mi wà lórí ibùsùn. Lójoojúmọ́ ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó rán màlékà àánú sí i. Ajá sì wà lókè orí wa. Mi ò ní kí o pa á o. Mú un kúrò. Bó bá ti kúrò, Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀ ni màá ti so yìgì yín."

Ó yẹ kí Taoheed sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó yẹ kó ní, Alfa, ajá yẹn ló ń fi ọkàn ìyàwó yín balẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ó tú àṣírí Lubabah àti ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ó sì ń wo Jímọ̀. Ó ń rí i bí Ìdíátù yóò ṣe gbọ́ yìgì ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ó ti parí.

Ó sáré lọ bá Àǹtí Salome. Àrùn ti wọ inú àwọn ajá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, méjì ti kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó má dá èyí tí ara rẹ̀ le padà sáàárín wọn, kó fún òun láyè kí òun wá ibòmíràn. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ kì í dúró de ẹnì kan. Dàda, tó ń ta irin àlòkù ní Oto, tó máa ń ra ara fíríìjì tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ Taoheed, ti ń wá ajá tí yóò máa ṣọ́ irin rẹ̀. Ó búra pé òun á máa fún un lóúnjẹ. Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí Alfa jáde, Taoheed fa okùn Kòjókòó lọ sí Oto. Kò sọ fún Àǹtí Salome. Kò sọ fún Lubabah. Ó ní bí yìgì bá ti parí, òun á lọ mú un.

Inú bí mi sí i, mi ò ní purọ́. Ohun tí wọ́n bá gbé fúnni tọ́, a kì í gbé e fún ẹlòmíràn tọ́. Ọmọ ni o, ewúrẹ́ ni o, ajá ni o. Ẹni tó gbé e fún ọ ni wàá dá a padà fún. Àwọn ìyá wa mọ èyí, ìyá Taoheed náà sì kọ́ ọ. Ìfẹ́ ló mú un gbàgbé.

Lọ́jọ́ náà, òkè àjà dákẹ́. Ìdíátù dùbúlẹ̀, ó ń wo òkè, ó ń retí. Nígbà tó pẹ́, ó bi Lubabah pé ẹsẹ̀ yẹn dà. Lubabah gòkè lọ, ó bá Taoheed tó ń gbá irun ajá kúrò nílẹ̀. Taoheed sọ fún un.

"Ṣé o bi mí?"

"Mo fẹ́ kí Jímọ̀ ṣeé ṣe ni. Fún Màmá."

Lubabah yí padà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ajá lọ gba atẹ́gùn, ó máa tó dé. Ìdíátù wò ó. Kò sí ìyá tí kì í mọ̀ bí ọmọ rẹ̀ bá ń purọ́. Ó dá ojú padà sí òkè àjà.

"Ẹ ti ṣílẹ̀kùn nìyẹn," ó ní. Kò bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti ń ṣú.

Ìdíátù kú láàárọ̀ Jímọ̀. Aṣọ tí wọ́n rà fún yìgì ti wà lórí ìkọ́, Lubabah ti lọ pọn omi nísàlẹ̀, Alfa ń ge èékánná nínú yàrá. Kò sí ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tí Alfa pè fún yìgì ni wọ́n kírun sí i lára. Wọ́n wá pẹ̀lú obì àti dàbínù lọ́wọ́, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò gbé e sí, wọ́n kó o jọ sórí tábìlì kíṣìnì, wọ́n sì gbé obìnrin náà lọ sin.

Ọkàn ló pa á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ nǹkan mìíràn fún yín. Kò sí ajá tó lè dá ikú dúró, òun náà mọ̀, àwàdà ló fi ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ìyẹn fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Nígbà tí àwọn èrò ti túká, Lubabah gbé àwọn kẹ́ẹ̀gì Taoheed jáde sórí àtẹ̀gùn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Taoheed sọ̀ kalẹ̀, ó dúró níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ohun tó ń sáré lókè yẹn nìkan ló kù tó ń dùn mọ́ màmá mi," Lubabah ní. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "O gbé e fún oníirin, o ò bi mí. Ọjọ́ tí èmi náà bá di ìnira fún ọ, ta lo máa gbé mi fún?"

Taoheed bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di kẹ́ẹ̀gì kan mú. Lubabah ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, àwọn mọ̀lẹ́bí lọ. Alfa Yẹ̀kínnì ní òun fúnra òun ni yóò ká ibùsùn ìyàwó òun. Ó ká aṣọ ìbora, ó sì rí irun lára rẹ̀, irun pupa kúkúrú tí kì í ṣe ti èèyàn. Ó pe Lubabah. Ọ̀rọ̀ náà ti wúwo jù fún ọmọbìnrin náà láti máa dá rù. Ó sọ gbogbo rẹ̀, bí ajá ṣe ń wọlé lójoojúmọ́, bó ṣe ń jókòó, bí òun fúnra òun ṣe ń fọ ilẹ̀ kí bàbá òun tó dé. Ó tiẹ̀ sọ àwàdà ìyá rẹ̀ nípa màlékà.

Alfa jókòó sórí ibùsùn tó ká ní àkábọ̀. Lẹ́yìn náà, ó wọ bàtà, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó gòkè lọ kan ilẹ̀kùn Taoheed. Kò tíì dé ibẹ̀ rí.

"Mo lé ajá kí màlékà lè wọlé," ó ní. "Màlékà sì wọlé."

Taoheed dọ̀bálẹ̀ lójú kan náà, ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Alfa gbọ́wọ́ sókè.

"Níbo lo mú un lọ?"

"Oto, Alfa."

"Dìde. Wọ bàtà rẹ."

Wọ́n bá Kòjókòó lábẹ́ páànù kan láàárín irin àlòkù. Wáyà ni Dàda so mọ́ ọn lọ́rùn, irú wáyà tí wọ́n bá lọ́rùn rẹ̀ nínú gọ́tà nígbà àkọ́kọ́. Irin ti ya lu ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan, egungun ti fọ́, eṣinṣin bò ó. Dàda ní òun kò fi ṣeré, ajá náà kò gbé jẹ́ẹ́ ni, ó ń gun irin kiri títí irin fi wó lù ú. Ó ní ajá tí kò lè rìn kò lè ṣọ́ nǹkan, àwọn tó ń fi ajá se ọbẹ̀ ata lẹ́yìn Ìdó ń bọ̀ wá mú un nírọ̀lẹ́.

Taoheed bú sẹ́kún. Alfa Yẹ̀kínnì ni ó kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ìpẹtà pẹ̀lú jàlàbíà funfun tó fi ń ṣíwájú ìrun, ó ń tú wáyà náà pẹ̀lú ìka tó fi ń rán fìlà. Ó pẹ́ kí wáyà tó tú. Ajá kò lè dìde. Ó na ọrùn, ó lá ọwọ́ àgbàlagbà náà, ó lá a títí dé ìgbọ̀nwọ́.

"Alfa, aṣọ yín," Taoheed ní.

Alfa wo ọwọ́ rẹ̀. "Omi wà nílé," ó ní. "Gbé e."

Lubabah wà lórí àtẹ̀gùn nígbà tí wọ́n dé. Ó rí bàbá rẹ̀ tí itọ́ ajá àti ìpẹtà wà lára aṣọ rẹ̀, ó rí Taoheed lẹ́yìn rẹ̀ tó gbé Kòjókòó mọ́ àyà, tí ẹsẹ̀ kan ń fì dirodiro. Lubabah wọlé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, ó bẹ̀rẹ̀, ó da omi sí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Alfa fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, ó tún fọ̀ ọ́, ó gba ajá lọ́wọ́ Taoheed, ó gbé e wọlé lọ.

Ó ku àwọn méjèèjì àti kẹ́ẹ̀gì. Taoheed kò na ọwọ́.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́ tán," Lubabah ní.

"Mo mọ̀."

"Ó lè pẹ́."

"Màá dúró. N kò ní gbé nǹkan kan tó jẹ́ tiwa fún ẹnikẹ́ni mọ́ láì bi ọ́."

Lubabah gbé kẹ́ẹ̀gì sókè. Omi ń ṣẹ́yọ lójú òun náà. "Na ọwọ́ rẹ, Alájá," ó ní. Taoheed na ọwọ́, Lubabah sì da omi sí i.

Àǹtí Salome mú dókítà ẹranko wá, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ó bá Taoheed wí títí ohùn rẹ̀ fi há, ó tọ́ sí i. Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ Ìdíátù ni wọ́n tó so yìgì, nínú pálọ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tí Alfa kò jẹ́ kí wọ́n gbé kúrò. Èèyàn kò pọ̀. Lubabah wọ aṣọ tí wọ́n ti rà nígbà ayé ìyá rẹ̀. Nígbà tí Alfa dé ibi tó yẹ kó pe orúkọ ìyá ọmọ, ohùn rẹ̀ já, ẹ̀gbọ́n bàbá Taoheed ló bá a parí rẹ̀. Lubabah di etí ibùsùn náà mú títí àdúà fi parí.

Àǹtí Salome ló tún gbé ọ̀rọ̀ ajá dìde bí wọ́n ṣe ń pín obì. Ó ní ẹni Ìbàdàn kò fẹ́ ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mọ́, ṣùgbọ́n kí ọkàn Alfa balẹ̀, òun á mú un kúrò nínú ilé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

"Ajá wo?" Alfa bi í. "Níbo ló ń lọ?"

Alfa ní kí wọ́n bá òun gbé obì kọjá sọ́hùn-ún.

Lubabah kó lọ sókè, Kòjókòó sì bá a lọ. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, Alfa Yẹ̀kínnì kírun tán, kò lọ sí Pápá Àjàó. Ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn ìyàwó rẹ̀, ó kọjú sókè bí obìnrin náà ṣe máa ń ṣe. Òkè àjà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ rọra, ó tẹ̀, ó tẹ̀, ó fo ọ̀kan, ó tún tẹ̀. Láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. Lubabah sáré sọ̀ kalẹ̀, ó yọjú sí pálọ̀, ó ní kí bàbá òun má bínú, àwọn á so ó mọ́lẹ̀.

Alfa kò mójú kúrò lókè. Omijé ti ṣàn lọ sí etí rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ má so ó," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó máa sáré."